Ẹni Tí Kò Dé Ẹ̀yìnkùlé

Àmì àwọ̀ ewé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdérí kànga náà ṣì wà níbẹ̀, kò ya, kò sì ṣá. OMI YÌÍ DÁRA FÚN MÍMU ni wọ́n kọ sí i, gàdàgbà gàdàgbà. Nídìí igi ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga yìí ni wọ́n sin Tiwaladé sí, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò tíì gbẹ.

Ìsípẹ́kítọ̀ Helen Mọ́ṣádé dúró láàárín kànga àti sàréè, ó ń wo ti ibí, ó ń wo ti ọ̀hún. Òjò ti ṣú bo Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò rọ̀. Ó kàn dúró sókè níbẹ̀, ó ń dẹ́rù ba èèyàn.

"Èmi ni mo ní ká yé ra omi inú ọ̀rá fún un," ni Tàjúdéènì, bàbá ọmọ náà, wí. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. "Wọ́n ti lẹ àwọ̀ ewé, mo ní owó wo la tún ń ná? Èmi ni mo fọwọ́ ara mi bu omi yìí fún ọmọ mi."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Alhaji."

"Ẹ fi ẹni tó ní ó dára hàn mí. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Helen gbójú sókè. Láti ibi tó dúró sí ló ti ń rí àwọn ọkùnrin tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ọ̀nà, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kan láàárín wọn.  Mọ́tò ọlọ́pàá ni wọ́n tẹjú mọ́, wọ́n sì ń wò ó bí ẹni ń retí kó tètè lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn ìlú tó ń yọ́ bátìrì mọ́tò tó ti kú láti fi wá òjé inú rẹ̀. Ìdọ̀tí rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń dà káàkiri ẹ̀bá ọ̀nà, títí dé apá Odogbolu àti Ìbẹfun. Ẹgbẹ́ olùwádìí kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Dókítà Frederick jẹ́ olórí rẹ̀, wá yẹ omi kànga wò nílé-nílé. Bí òjé inú omi kò bá ju mẹ́wàá lọ lórí ìwọ̀n wọn, omi dára. Bó bá jù ú lọ, májèlé ni. Rípọ́ọ̀tù wọn jáde: kò sí kànga kan tó kọjá mẹ́wàá. Gbogbo ayé dúpẹ́, wọ́n lẹ àwọ̀ ewé kiri. Lẹ́yìn náà ni gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mú Tiwaladé. Nígbà tí ilé ìwòsàn yóò fi yẹ omi ilé wọn wò, òjé tó wà nínú rẹ̀ ju ti rípọ́ọ̀tù lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Ẹnì kan ti yí iye padà. Èyí tó tún wá ń ká Helen lára ni pé kò sẹ́ni tó mọ iye kànga mìíràn tí wọ́n yí. Àwọn èèyàn kò tíì ṣíwọ́ fífa omi. Ìjọba ní àwọn yóò tún un yẹ̀ wò, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i.

*

"Ọ̀la, ilé ẹjọ́," ni DPO wí ní tésàn. "Ọmọbìnrin yẹn ló tẹ iye wọlé. Kí la tún ń wá?"

"Ẹ fún mi ní òní, sà."

"Òní ti ń lọ, Helen. Wọ́n fẹ́ dáná sun tésàn wa."

Ọmọbìnrin tó ń wí ni Ẹniìtàn, ará Èkìtì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè kejì lábẹ́ Dókítà Frederick. Ó jókòó sórí ilẹ̀ sẹ́ẹ̀lì, ó fi ìborùn bo orúnkún.

"Ìwọ lo tẹ gbogbo iye náà sínú kọ̀ǹpútà?"

"Èmi ni, mà. Bọ̀dá Ernest ń kà á lójú ẹ̀rọ, èmi ń tẹ̀ ẹ́."

"Ti ilé Tàjúdéènì ńkọ́?"

"Ó ga, mà. Ó ga débi pé mo ní kí Bọ̀dá Ernest tún un kà. Bó ṣe kà á náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, mo sì fi í ránṣẹ́ sí Dókítà. N kò mọ ẹni tó yí i."

"Kò sẹ́ni tó ti inú sẹ́ẹ̀lì yìí sọ fún mi rí pé òun mọ̀."

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Mà, ọmọ yẹn máa ń bá mi gbé báàgì nígbà tí mo bá wọn lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ṣé kí n wá pa á ni?"

Helen ti rí ẹkún oríṣiríṣi lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó sì ti rí apànìyàn tó sunkún ju ẹni tí ọ̀ràn dùn lọ. Ṣùgbọ́n èyí bà á nínú jẹ́. Ó yáa kúrò níbẹ̀ kó má baà hàn lójú rẹ̀.

Ernest ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ fura sí. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ àyẹ̀wò yìí ti pòórá, wọ́n sì ti rí i pé nǹkan kan ò sí nínú ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́. Ó ṣófo pátápátá. Kí la tún ń wá? Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n bá a ní Odogbolu, nínú ilé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì kọ́ parí, irùngbọ̀n ti kún un lójú.

"Kí lo sá fún, Ernest?"

"Ẹ ò rí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tó wà lọ́wọ́ wọn ni?"

"Kí ló dé tí ẹ̀rọ rẹ fi ṣófo?"

"Bí iná bá ti lọ, ó ti gbàgbé nìyẹn, mà. Ẹ mọ̀ bí iná ti wa ṣe rí. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí a fi ní kí Ẹniìtàn máa tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀."

Helen gbé lápútọ́ọ̀pù síwájú rẹ̀, ó to iye mélòó kan síbẹ̀, ó ní kó pààrọ̀ gbogbo èyí tó bá ju mẹ́wàá lọ. Ernest fi ìka kan ṣoṣo wá nọ́ńbà kiri, ó pa ọ̀kan rẹ́, ó kọ òmíràn, ó nu òógùn ojú, ó bọ́ sórí èyí tó tẹ̀lé e. Ó ṣe méjì tọ̀nà, ó fo ẹ̀kẹta. Bí irú ọwọ́ yìí bá yí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kànga padà, yóò ṣì máa yí i lọ títí di ìsinsìnyí. Helen ní kí wọ́n mú un lọ sí tésàn, kí wọ́n fún un lóúnjẹ, ó sì wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde.

*

Ọ́fíìsì Dókítà Frederick tutù bí ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí. Lórí tábìlì kan, lábẹ́ gíláàsì, ni àwòrán ilé ìwádìí tuntun kan wà, orúkọ Dókítà lókè, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì nísàlẹ̀ pé àwọn ló fẹ́ kọ́ ọ fún un. Helen wò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà ni fọ́tò ìyá arúgbó kan wà tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màámi nìyẹn," ni Dókítà wí, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Ìbẹfun ni wọ́n wà. Ẹ bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò ní wá bá mi gbé. Ọwọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n báyìí, wọ́n tún máa ń gbàgbé orúkọ mi. Ọjọ́ ogbó."

"Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. Dókítà, báwo lèèyàn ṣe lè yí iye kànga tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ kan?"

Ó rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ni, ìbéèrè sì dùn mọ́ olùkọ́. "Ọ̀sẹ̀ kan kẹ̀? Ẹ sún mọ́ bí."

Ó to iye mẹ́jọ sójú kọ̀ǹpútà. Mẹ́fà nínú wọn ju mẹ́wàá lọ.

"Ẹni tí kò mọ̀ á dé orí èkíní, á wò ó, á bọ́ sórí èkejì, á wò ó. Á máa rìn láti ilé dé ilé bí agbowó-orí. Nínú èdè kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní R, àwa kì í rìn." Ó tẹ ìlà kan:

oje[oje > 10] <- c(5, 8)

"Èyí tó wà nínú àkámọ́ ni ìbéèrè: èwo ló ju mẹ́wàá lọ? Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ni ohun tí mo fẹ́ fi rọ́pò wọn. Ó tán."

Lóòótọ́, ó ti tán. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti yí padà kí Helen tó wo ojú kọ̀ǹpútà dáadáa.

"Iye méjì péré lẹ fún un, Dókítà."

"Bí méjì bá tán, á tún bẹ̀rẹ̀ látorí àkọ́kọ́. Márùn-ún, mẹ́jọ, márùn-ún, mẹ́jọ, títí yóò fi kárí."

"Kò sì bi yín pé kànga ta ni?"

"Kò bi mí ní nǹkan kan. Adùn rẹ̀ nìyẹn."

"Àwọn iye àtijọ́ wá ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ. Bí èèyàn ò bá ti fi ẹ̀dà pamọ́ tẹ́lẹ̀, ó parí." Ó fara ti àga, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Ó dùn mí pé èmi fúnra mi ni mo kọ́ Ẹniìtàn. Ọmọ yẹn lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú akàn."

"Ẹ̀yin náà máa ń bá wọn dé ìdí kànga?"

"Kí ni n ó dé ẹ̀yìnkùlé onílé wá ṣe, Ìsípẹ́kítọ̀? Àwọn obìnrin wà fún ìyẹn."

Nígbà tí Helen jáde, ooru ìta bò ó lójú. Ọkùnrin náà ti fi ọ̀nà hàn án, ó sì ti tọ́ka sí ọmọ kan pé òun ló gba ibẹ̀ kọjá. Inú Helen kò gbà á. Ṣùgbọ́n kí inú èèyàn má gba nǹkan kì í ṣe ẹ̀rí nílé ẹjọ́.

*

Ìyá Ameenat ni gbogbo èèyàn ń pe Mùtíátù, olórí àwọn obìnrin tó ń fa omi. Obìnrin nìkan ni ẹgbẹ́ náà gbà sí iṣẹ́ yẹn, nítorí ẹ̀yìnkùlé ni kànga wà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọkùnrin àjèjì dé ibi tí àwọn aya ilé ti ń wẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ní tésàn, Helen sì ń ka rípọ́ọ̀tù sí i létí: ọjọ́ tí wọ́n fa omi, àmì kànga, iye òjé.

"Ẹ dúró ná, Ọ̀gá. Ọjọ́ wo lẹ pè yẹn?"

Helen tún un kà.

"Irọ́ ni. Wàláhì, irọ́ ni! Ọjọ́ tí Agẹmọ ń kọjá lọ sí Ìmọ̀sàn ni ọjọ́ yẹn. Obìnrin kì í fojú rí Agẹmọ. Inú yàrá la wà, a ti fèrèsé pa. Obìnrin wo ló fẹ́ jáde lọ fa omi?"

"Ṣùgbọ́n iye wà níbẹ̀. Kànga mọ́kànlá ní ọjọ́ yẹn, gbogbo wọn ló níye, gbogbo wọn ló dára."

"Iye omi tí a ò fà?" Ìyá Ameenat dìde dúró. "Bí a ò bá dé ibì kan, 999 là ń ní kí Ẹniìtàn kọ síbẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. 999, a ò dé ibẹ̀. Òun ló dá a lábàá fún wa kí àyè má baà ṣófo."

"Dókítà mọ̀?"

"Ọmọ náà sọ fún un lójú mi. Fóònù ló ń tẹ̀."

Helen tún wo rípọ́ọ̀tù. 999 ju mẹ́wàá lọ. Ìlà tí kì í bi èèyàn ní nǹkan kan ti gba orí kànga tí kò sẹ́ni tó fa omi rẹ̀ kọjá, ó sì ti sọ ọ́ di omi dáadáa.

Ó gbé lápútọ́ọ̀pù lọ sí sẹ́ẹ̀lì. Ó ti to iye sí i, ó sì ti fi 999 kan há àárín wọn, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. "Ẹniìtàn, pààrọ̀ gbogbo èyí tó bá ju mẹ́wàá lọ fún mi."

Ọmọbìnrin náà nu ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá bíi ti ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ìbéèrè kejì kún ti àkọ́kọ́ nínú àkámọ́: kó ju mẹ́wàá lọ, kó má sì jẹ́ 999.

"Ta ló ní kó o fi ìyẹn kún un?"

"999 kì í ṣe òjé, mà," ló dáhùn, ó yà á lẹ́nu pé wọ́n ń bi òun. "Ọjọ́ tí a ò jáde ni."

Ó ku bí wọn yóò ṣe mọ àwọn kànga tó kù. Helen padà sídìí rípọ́ọ̀tù, ó wo ti ọjọ́ Agẹmọ, níbi tí ó dájú pé gbogbo iye jẹ́ irọ́: 3.2, 6.1, 4.7, 7.4, 2.8. Lẹ́yìn náà, 3.2 lẹ́ẹ̀kan sí i. 6.1. 4.7. Iye márùn-ún péré, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ padà nígbà tí wọ́n bá tán. Ó wá lọ sí òkè pátápátá, ó mú báírò, ó ń wá wọn bọ̀ nísàlẹ̀. Láàárín àwọn iye tòótọ́ ni wọ́n ti ń yọjú, wọn ò fo ara wọn rí. Òtítọ́ ti parẹ́, àmọ́ gbogbo ojú ibi tó ti parẹ́ ló ní àpá. Kànga tí ìlà yẹn bá ti fọwọ́ kàn, bí kò bá jẹ́ ti ọjọ́ Agẹmọ, májèlé ni.

"Ìyá Ameenat, ẹ bá mi pe orúkọ ilé tó ni àmì wọ̀nyí."

Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá kan ń tẹ fóònù pe olórí àdúgbò kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n ti kànga. Nígbà tó yá, Ìyá Ameenat pe orúkọ ilé kan ní Ìbẹfun. Helen ní kó tún un pè. Ó ní kí mọ́tò gbéra lọ sí ilé náà kíákíá, òun kò gbọdọ̀ gbọ́ pé ó dúró lọ́nà. Lẹ́yìn náà ló wá pe Dókítà Frederick pé kó jọ̀wọ́, kó wá yọjú sí àwọn.

*

Yàrá DPO kún. Ẹniìtàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà Frederick gba àga tó dára jù.

"A fẹ́ mọ̀ bóyá ilé wọ̀nyí yé yín, Dókítà," ni Helen wí. "Ohun tó wà nínú rípọ́ọ̀tù yín náà ni. Ilé Tàjúdéènì, 2.8. Ti ìyẹn ti bàjẹ́, a mọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìbẹfun. Ilé alágbẹ̀dẹ, 3.2."

"Omi tó dára gan-an nìyẹn."

"Ilé ẹni tó ń lọ ata níwájú rẹ̀, 6.1."

Dókítà mi orí. 

"Ilé Ayọ̀fẹ́ tó ń ránṣọ, 4.7."

Ó ti gbé ọwọ́ kúrò lórí itan. Ó ń wo ẹnu Helen.

"Ẹ̀yìnkùlé ilé tó tẹ̀lé e. Ilé Ìyá Frederick, 7.4."

 Ọkùnrin náà dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Fóònù ti wà létí rẹ̀ kó tó dúró tán. "Màámi! Màámi, ẹ má mu omi yẹn! Ẹ dà á nù! Ta nìyẹn? Ẹ fún Màámi ní fóònù!"

"7.4 ni mo kà," ni Helen wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Kò tó mẹ́wàá. Nínú ìwé yín, omi dáadáa ni. Kí ló dé tí Màámi ò fi gbọdọ̀ mu ún?"

Dókítà gbé fóònù kúrò létí. "Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ìlà yẹn. Ẹniìtàn lè kọ ọ́."

"Ẹniìtàn á yọ 999 sílẹ̀."

"Kí ni 999?"

Ìyá Ameenat pa òṣé. Ernest, tó jókòó lẹ́yìn, wo ilẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹn, olórí wọn nìkan ni kò mọ̀. DPO wo ojú ọkùnrin náà fún ìgbà pípẹ́, ó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde, ó sì fún Helen.

"Ọ̀kan ṣoṣo péré ni wọ́n ní kí n ṣe," ni Dókítà ń wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Rípọ́ọ̀tù kan, wọn á kọ́ ilé ìwádìí, a ó wá fi ilé yẹn ran gbogbo Ìjẹ̀bú lọ́wọ́. N kò wo orúkọ ilé. Kò sí orúkọ níbẹ̀, àmì lásán ni."

"Ká ní ẹ rìn ín láti ilé dé ilé, ẹ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ Màámi," ni Helen dáhùn.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bọ́ kúrò lọ́wọ́ Ẹniìtàn. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún, ó kàn ń ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni fóònù Helen dún. Àwọn ọlọ́pàá tó lọ sí Ìbẹfun ni. Gìrì ti mú Ìyá láti àárọ̀, àwọn aládùúgbò ti gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Dókítà ibẹ̀ ń béèrè pé báwo ni òjé inú omi náà ṣe pọ̀ tó, kí òun lè mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ sọ fún un!" ni Frederick kígbe. "Ẹ sọ iye rẹ̀ fún un!"

"Iye wo, Dókítà? 7.4 lẹ kọ síbẹ̀."

Ó yíjú sí ògiri. Ó wo ọmọbìnrin tí òun ti fẹ́ fi sẹ́wọ̀n, orúnkún rẹ̀ sì kan ilẹ̀. "Ẹniìtàn. Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ wọlé. Jọ̀ọ́, rántí. Èló ni?"

Ẹniìtàn wò ó títí. Ó gbìyànjú, gbogbo wọn ló rí i pé ó gbìyànjú lóòótọ́. Ní ìta, òjò tó ti ṣú láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

"N kò rántí, sà," ló wí. "Àwọn tó ga pọ̀."